Ta Ló Tan Iná Gotham?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn fíìmù Batman, ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu òǹwòran ni òkùnkùn. Wọ́n á ní ti Tim Burton ṣókùnkùn, ti Christopher Nolan ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Matt Reeves ló wá dúdú jù lọ. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé òkùnkùn kan ṣoṣo ló wà, tí olùdarí kọ̀ọ̀kan kàn ń bu púpọ̀ tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn biribiri kì í hàn lójú fíìmù. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá jẹ́ kó wọlé ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ni ibi tí iná ti ń wá nínú ìran kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó tàn án. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ èrò olùdarí nípa Gotham, ìlú àfinúrò yẹn, fún wa ju ohunkóhun tí àwọn òṣèré bá fẹnu sọ lọ.

Orí ìwé ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bob Kane àti Bill Finger gbé Batman jáde nínú Detective Comics nọ́ńbà 27 lọ́dún 1939, bébà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń lò: pupa, yẹ́lò, búlúù àti dúdú. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ tótòòtó wínníwínní tí ojú òǹkàwé á dà pọ̀ fúnra rẹ̀. Dúdú nìkan ló ń dúró ṣinṣin lórí bébà. Ayàwòrán tó bá fẹ́ kí ojú ìwé rẹ̀ ní agbára, tàdáwà dúdú ló máa gbára lé. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Batman wúlò fún èyí gan-an: bí wọ́n bá ti da tàdáwà sí i, kò pọn dandan kí wọ́n ya ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Wàhálà àwọn oníṣẹ́ fíìmù sì wà níbẹ̀. Lórí bébà, ohun tí a fi sílẹ̀ ni dúdú. Lójú fíìmù, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé ni. Kò sí olùdarí tó lè da tàdáwà sára òṣèré. Iná ni yóò fi ṣe é, tàbí àìsí iná.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC gbé eré Batman jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966, tí Adam West sì ń ṣe akọni náà, wọn kò tiẹ̀ dán an wò. Gbogbo igun ni wọ́n tan iná sí. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn ènìyàn nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ kí owó tí òǹwòran fi rà á jẹ́ lójú rẹ̀. Bí eré bá dé ibùba ọ̀daràn, kámẹ́rà á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a lè mọ̀ pé ìwà ibẹ̀ kò tọ́. Àwọn ènìyàn ń fi eré yìí ṣẹ̀sín títí dòní, ṣùgbọ́n àwòrán inú ìwé ìgbà yẹn ló ń tẹ̀ lé, torí pé àwọn ìwé Batman náà ti di ohun àwọ̀ àti ẹ̀rín. Ọdún 1986, nígbà tí Frank Miller kọ The Dark Knight Returns, tí Klaus Janson fi tàdáwà sí i, tí Lynn Varley sì kùn ún, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó rántí pé òru ni wọ́n dá ọkùnrin yìí fún.

Nínú Batman (1989), Burton kò wá Gotham lọ sí ìlú kankan. Ó ní kí wọ́n kọ́ ọ ni. Ní Pinewood, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni Anton Furst ti kọ́ àwọn òpópónà náà, ọkùnrin kan náà tó ti sọ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù di Vietnam fún Stanley Kubrick nínú Full Metal Jacket (1987). Ìlú tí Furst yà dà bí èyí tí kò ní ọ́fíìsì ìjọba kankan tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́. Ilé tó rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fara ti ilé-iṣẹ́ onírin, ilé gogoro bíi ti New York sì gun orí àwọn méjèèjì, títí ojú ọ̀run fi ku bíńtín láàárín òrùlé sí òrùlé. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí kò sí ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ kò lè ti òkè wá. Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, láti ojú gọ́tà tí èéfín ń rú jáde, láti ojú fèrèsé tí a kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Roger Pratt, tó di kámẹ́rà mú, máa ń gbé iná sẹ́yìn èéfín, kí òṣèré lè yọ bí òjìji lásán kí a tó rí ojú rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò yìí ti pẹ́ láyé, àwọn ará Jámánì ló sì ni ín. Nínú The Cabinet of Dr. Caligari (1920), ọ̀dà ni wọ́n fi kun òjìji sára ògiri, kò sí iná tó dá a. Nínú Metropolis ti Fritz Lang (1927), ilé gogoro di ohun tí ń jọba lórí ènìyàn. Burton mọ àwọn fíìmù wọ̀nyí bí ẹní mowó, kò sì fi pa mọ́. Furst àti Peter Young gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 1990 nítorí iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tọ́ sí i, nítorí pé ìlú náà ń ṣeré ju àwọn òṣèré kan lọ.

Ohun kan wà nínú fíìmù 1989 yìí tí wọn kì í sábà tẹnu mọ́. Àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni Gotham wọ̀, àfi ìgbà tí Joker, ọ̀tá Batman, bá wọlé. Jack Nicholson, tó ṣe é, ló kó àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ ọsàn wọ ìlú. Nígbà tí òun àwọn ọmọ rẹ̀ ya wọ ilé àkójọ ọnà, ọ̀dà ni wọ́n ń dà sára àwòrán àwọn àgbà. Ní ìparí, ó kó bàlúùnù ràgàjì aláwọ̀ mèremère jáde lóru, ó ń fọ́n owó sórí àwọn ènìyàn, gáàsì olóró sì wà nínú bàlúùnù náà. Kí ni akọni ṣe? Ó fi ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já wọn gbà, ó sì wọ́ wọn lọ. Ọ̀daràn ló ń tan iná nínú ìlú yìí. Iṣẹ́ akọni ni láti pa á. Àtakò ńlá ni èyí sí èrò tí ọ̀pọ̀ ìtàn akọni dúró lé lórí, tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jẹ́ ti ẹni rere. Ó yà mí lẹ́nu pé fíìmù tí wọ́n fi ta fìlà àti síńgílẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ sínú.

Aṣọ Batman ran èrò náà lọ́wọ́. Rọ́bà dúdú ni Bob Ringwood fi ṣe é, ó sì le débi pé Michael Keaton kò lè yí ọrùn. Bí ó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo àyà ló máa yí. Lábẹ́ iná ọdún 1966, ẹ̀rín ni ìyẹn ì bá pa wá. Lábẹ́ iná Pratt, ó di ìwà ẹni tí kì í kánjú. Batman Returns (1992), tí Bo Welch ṣètò ìlú rẹ̀, fi yìnyín kún un. Funfun ilẹ̀ sì mú kí dúdú aṣọ náà hàn kedere láìjẹ́ pé a tan iná mìíràn. Fíìmù yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló ṣì ń jẹ.

Nípa méjì tí Joel Schumacher ṣe, Batman Forever (1995) àti Batman & Robin (1997), ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Wọ́n sọ pé àwọ̀ ló ba wọ́n jẹ́. Irọ́ ni. Dick Tracy ti Warren Beatty (1990), tí Vittorio Storaro yà, kún fún àwọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n fọwọ́ sí, wọn kò sì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àléébù Schumacher ni pé iná rẹ̀ kò ní olówó. Búlúù ń tàn láti ibì kan, pupa láti ibòmíràn, ère gàgàrà gbé ilé lérí, kò sì sí ẹni tí a lè bi pé ta ló tàn án àti kí ló dé. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá kò lè dẹ́rù bani, kò sì lè tuni nínú.

Nolan wá fi òótọ́ ṣe ọ̀nà. Nínú Batman Begins (2005), ó ṣì fẹsẹ̀ kan sínú ilé ìṣeré: inú gọ̀bì ràgàjì tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ bàlúùnù sí láyé àtijọ́ ní Cardington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Nathan Crowley ti kọ́ àdúgbò tí wọ́n pè ní Narrows, òjò ń rọ̀, iná aláwọ̀ ìpẹtà ń tàn. Nígbà tí The Dark Knight dé lọ́dún 2008, Narrows ti pòórá. Chicago ni a ń wò, gíláàsì àti irin, tó mọ́ tónítóní. Wally Pfister ya apá kan rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà IMAX, fíìmù ìtàn ńlá àkọ́kọ́ tó ṣe irú ẹ̀, àwòrán náà sì fẹ̀ débi pé a lè ka fèrèsé ilé lókèèrè. Ó jèrè ìgbòòrò, ṣùgbọ́n ó pàdánù ìlú. Bí a bá yọ Batman kúrò nínú ọ̀pọ̀ àwòrán inú rẹ̀, ìpolówó báńkì ló kù.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká rẹ́ Nolan jẹ. Ọ̀sán gangan ni Joker ti Heath Ledger fi ja báńkì lólè, ọ̀sán ló sì fọ́ ilé ìwòsàn. Òru kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní àgọ́ ọlọ́pàá, inú òkùnkùn ló jókòó sí. Gordon, ọ̀gá ọlọ́pàá, jáde, iná mọ́ wàà lẹ́ẹ̀kan náà, Batman sì ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ta ni iná náà tú fó? Batman ni. Gbogbo ojú-rán aṣọ rẹ̀ la rí, ọkùnrin tó wọ aṣọ tó le, tí inú ń bí, tí ẹni tó ń lù sì ń fi rẹ́rìn-ín. Ìran yẹn tọ̀nà pátápátá. The Dark Knight Rises (2012) ló wá gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí: ó kó akọni rẹ̀ wá jà lójú títì lọ́sàn-án, láàárín èrò ọlọ́pàá, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Mi ò lè wo ìjà yẹn láìwo etí méjèèjì tó dúró lórí akoto rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀sán fi ń tẹ́ Batman? Eégún ń jó lọ́sàn-án, kò sì tẹ́, torí pé aṣọ rẹ̀ ń yí, ó ń fò, òun fúnra rẹ̀ ni ìran. Rọ́bà kì í jó. Orò ni Batman sún mọ́ jù: ohùn rẹ̀ ni ìlú ń gbọ́, ilẹ̀kùn á tì, ẹ̀rù ohun tí ojú kò rí á sì ṣe iṣẹ́ tó kù. Reeves ló lóye èyí jù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ The Batman (2022), iná àmì àdán yọ lójú ọ̀run, àwọn jàgùdà sì ń wo kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n sá. Nígbà tí Robert Pattinson wá yọ lóòótọ́, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ìró bàtà rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ láti inú òkùnkùn, wúwo, láìkánjú, kí ojú tó rí nǹkan kan.

Ìmọ́lẹ̀ inú fíìmù yìí ní olówó, ó sì ń fojú hàn. Greig Fraser fi àwọ̀ ọsàn iná títì àti pupa ilé ijó ṣe é, kámẹ́rà sì sábà máa ń wò gba ojú gíláàsì tí òjò ti kùn, tí etí àwòrán á ṣe bàìbàì. Kámẹ́rà díjítà ni wọ́n fi yà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ike fíìmù ti àtijọ́, wọ́n sì tún sọ ọ́ padà di díjítà, kí dúdú rẹ̀ lè ní hóró nínú. Fún ìran orí ilé gogoro tí wọn kò tíì kọ́ parí, ojú ògiri LED ni wọ́n gbé àwòrán ìlú sí, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lójú òṣèré, láti ara Gotham gan-an ló ti wá. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí iná ti kú, ìbọn àwọn ọmọ Falcone, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn ìlú náà, nìkan ló ń tànmọ́lẹ̀: ìgbà tí wọ́n bá yìn ín la ń rí ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn. Àwọn tó ń bẹ̀rù òkùnkùn ló ń fi ọwọ́ ara wọn tan iná tó ń fi ìparun hàn wọ́n. Nígbà tí omi sì ya wọ ìlú, Batman fúnra rẹ̀ tan iná pupa kan lọ́wọ́, ó sì ń ṣáájú àwọn ènìyàn jáde kúrò nínú omi. Nínú gbogbo ìran tí mo ti ń bi ní ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, níbẹ̀ nìkan ni ìdáhùn ti jẹ́ akọni.

Fíìmù náà ní àléébù. Ó gùn tó wákàtí mẹ́ta, ó sì jẹ́ ti yàrá tó ṣú: ẹni tó bá ń wò ó lórí fóònù lọ́sàn-án, ojú ara rẹ̀ ni yóò máa rí nínú gíláàsì. Ṣùgbọ́n ìlú tí Reeves àti James Chinlund kọ́ yìí ti yege ìdánwò kan tí ti Nolan kò lè yege. Ní 2024, HBO gbé The Penguin jáde, ìpín mẹ́jọ, Batman kò sì sí nínú ìkankan. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀sán, ní àdúgbò tí omi ti bà jẹ́, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Aṣọ yẹ́lò tí Sofia Falcone wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó fi gáàsì pa àwọn ẹbí rẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù nínú ilé náà. Ọ̀daràn tún ti gba àwọ̀ padà nìyẹn, bíi ti 1989, Gotham sì ṣì ń jẹ́ Gotham láìsí àdán kankan.