Ẹgbẹ́ Tí Kò Tú Ká

Bí wọ́n bá dárúkọ gáráàjì létí wa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni dánfó, agbèrò àti àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ní Amẹ́ríkà, yàrá tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni. Lẹ́yìn tí àwọn Beatles dé ibẹ̀ ní 1964, àìmọye ọ̀dọ́ ló ra gìtá, tí wọ́n sì sọ yàrá mọ́tò bàbá wọn di ibi ìdánrawò. Orin wọn le, ó yára, kò sì ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ "garage rock". Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó tú ká. Orin ọmọdé ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Queens, ní New York, ló mú àwo orin kan wá fún mi nígbà tó wá kí wa: Roman Gods, ti ẹgbẹ́ The Fleshtones. Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn wọ̀nyí rí towó ṣe?"

Wọ́n dáhùn pé, "Èmi ò bá wọn ka owó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò tú ká."

Bàbá mi mi orí. Ẹgbẹ́ olórin tí àwa mẹ́rin dá sílẹ̀ nílé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká nígbà náà ni, wọ́n sì ti ní kí n ta gìtá mi kí n gbájú mọ́ ìdánwò.

Ní Queens náà ni ìtàn ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Keith Streng àti Jan Marek Pakulski ń gbé inú ilé kan ní àdúgbò Whitestone, wọ́n sì bá àwọn ohun èlò orin tí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú fi sílẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. (Kò tilẹ̀ sí gáráàjì nínú ọ̀rọ̀ náà!) Ní 1976 wọ́n ṣeré ní CBGB, ilé ijó kan ní Manhattan níbi tí Ramones àti Blondie náà ti ń ṣeré. Bí àwọn yòókù ṣe ń wá ohun tuntun, àwọn yìí yíjú sẹ́yìn sí orin ìgbà èwe wọn: gìtá tó ń kùn bí agbọ́n, dùùrù olóhùn tínrín, hàmóníkà àti fèrè saxophone.

Ilé iṣẹ́ I.R.S. ló gbé Roman Gods jáde, àti Hexbreaker! tó tẹ̀ lé e ní 1983. Lójú tèmi, àwo méjì yìí ló dára jù. Nínú wọn, ìlù àti gìtá dà bí ẹni ń sáré bọ̀ láti kó sínú ara wọn, síbẹ̀ wọn kì í kọlura. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ní àwọn Go-Go's, tí àwo wọn di ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1982, àti R.E.M. tí òkìkí wọn kan káàkiri ayé. The Fleshtones kò ní orin kan tó wọ ogójì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Ramones tú ká ní 1996, R.E.M. ní 2011.

Òótọ́ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ wọn kì í fẹ́ gbọ́. Mo gbọ́ Face of the Screaming Werewolf tí wọ́n ṣe ní 2020. Ká ní wọn ò sọ ọdún rẹ̀ fún mi ni, mi ò bá máa rò pé ti 1985 ni. Pípẹ́ nìkan kì í sọ orin di dáadáa. Bí wọ́n bá ti tú ká lẹ́yìn Hexbreaker!, àwo méjì tó dára jù yẹn á ṣì wà nílẹ̀.

Kí wá ni ọdún yòókù fi kún un? Inú àwo kọ́ ni mo ti rí i. Mo wo fídíò eré wọn lórí fóònù. Bill Milhizer ti ń lu ìlù fún wọn láti 1980, Ken Fox ti ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ láti 1990. Peter Zaremba sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìtàgé, ó wọ àárín èrò, Streng tẹ̀ lé e tòun ti gìtá, àwọn àgbàlagbà yìí sì ń gbé ẹsẹ̀ pọ̀ bí ọmọ kíláàsì kan náà. Orin tí àwọn ọmọdé dá sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè ṣe é báyìí, nítorí ọdún ló kọ́ ẹsẹ̀ wọn. Aṣelámèyítọ́ tó bá fi àwo nìkan dá wọn lẹ́jọ́ dà bí ẹni tó wọn ọbẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

Mo fi fídíò náà han bàbá mi. Wọn ò béèrè owó mọ́. Wọ́n ní, "Onílù yẹn, láti 1980?" Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọdún.

Gìtá mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, onílù wa àtijọ́ yà wá béèrè bóyá mo ti tà á.