Òǹkà Ọmọ Ọlọ́mọ: Ta Ni Ìwé Máàkì Ń Dá Lẹ́bi?

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ka gbólóhùn yìí sí èèwọ̀ lásán, bí ẹni pé àwọn baba wa kórìíra ìṣirò. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Abiyamọ tí ó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ ní àṣálẹ́, kí ó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá kù sí òde, ojúṣe rẹ̀ ni ó ń ṣe. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Àlejò tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni a máa ń fura sí, nítorí a kò mọ ohun tí yóò fi iye náà ṣe. Kì í ṣe kíkà ni òwe náà kọ̀, bí kò ṣe kíkà tí kò ní ìfẹ́ ọmọ nínú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nítorí iṣẹ́ kan tí ó ti gbilẹ̀ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jọ: máàkì rẹ̀, owó tí ó jẹ ilé-ìwé, wíwá rẹ̀ sí kíláàsì, ẹ̀kọ́ tí ó yàn. Wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí oyè tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan ń yin iṣẹ́ náà bí ẹni pé òògùn ajẹ́bíidán ni. Àwọn mìíràn ń bú u. Lójú tèmi, àti ìyìn àti èébú, kò sí èyí tí ó kan ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: nígbà tí iye bá jáde, ta ni ó dá lẹ́bi, akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí ilé-ìwé?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ náà ti yọrí sí rere. Georgia State University wà ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ọmọ tálákà, ọ̀pọ̀ sì ni aláwọ̀ dúdú. Ní 2003, nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100 tí ó bá wọlé, àwọn 32 péré ni ó ń gba oyè láàárín ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 2014, iye náà ti di 54. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ju èyí lọ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tálákà kò rẹ̀yìn mọ́. Wọ́n ń gba oyè bí àwọn yòókù ti ń gbà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n tú àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá, tí máàkì inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n sì rí ohun tí ojú olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè rí. Ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú bí àpẹẹrẹ. Àwọn tí ó gba A tàbí B nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka náà, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni ó ń gba oyè ní àsìkò. Àwọn tí ó gba C, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. C kì í ṣe ìkùnà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yege, nítorí náà kò sí ẹni tí ó pè é sí kọ̀rọ̀ kí ó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é, títí ó fi di ọdún kẹta tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn baba wa ti wí pé igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Láti 2012, yunifásítì yìí ń wo àmì tí ó lé ní 800 lójoojúmọ́ lára akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yọ, olùdámọ̀ràn á ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n tún rí i pé ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì ní sáà kọ̀ọ̀kan nítorí gbèsè. Púpọ̀ nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ wọn, owó tí wọ́n jẹ kò sì ju ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ. Láti 2011 ni yunifásítì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í san irú gbèsè kékeré bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè jókòó síbi ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwárí méjèèjì yìí fi hàn. Èkíní bá àwọn olùkọ́ wí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pe ọmọ. Èkejì bá àwọn agbowó wí pé wọ́n lé ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó dé èbúté. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ohun tí mo yìn ní Georgia State ni pé ó gba kí iye jẹ́ ọ̀bẹ kejì tí yóò gbẹ́ èèkù tirẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ lámèyítọ́ kọ́ ni láti máa lu ìlù ìyìn nìkan. Àwọn tí ó ń ròyìn àṣeyọrí yìí káàkiri a máa sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà púpọ̀, wọn a sì fi ẹnu ba ti ènìyàn lásán. Olùdámọ̀ràn tuntun 42 ni Georgia State gbà síṣẹ́ kí àmì wọ̀nyí tó lè wúlò. Ilé-ìwé tí ó bá ra ẹ̀rọ, tí kò gba ènìyàn, dà bí ìlú tí ó ra agogo ìdágìrì, tí kò sí ẹni tí yóò dìde nígbà tí agogo bá dún.

Ohun mìíràn tí ó ń kọ mí lóminú ni pé oyè àti ìmọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ó rọrùn láti mú kí iye àwọn tí ó ń gba oyè pọ̀ sí i: kí a rọ ìdánwò, tàbí kí a máa darí gbogbo ọmọ tí ìṣirò ṣòro fún sí ẹ̀kọ́ tí ó fúyẹ́. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì láti kékeré, tí àkọsílẹ̀ sì sọ fún olùdámọ̀ràn pé irú rẹ̀ kì í sábà yege, ṣé kí a yí i lọ́kàn padà ni, àbí kí a wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìṣirò? Iye kan náà ni ó ṣí ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Kò sọ èyí tí a ó tọ̀.

Nígbà tí ìfẹ́ ọmọ bá kúrò nínú rẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ń dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mount St. Mary's University, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tú àṣírí kan. Ààrẹ yunifásítì náà fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dáhùn ìbéèrè nípa ara wọn, kí a sì ti inú ìdáhùn náà mọ àwọn 20 sí 25 tí a ó rọ̀ kí wọ́n máa lọ sílé, kí ọjọ́ tí a ń fi iye akẹ́kọ̀ọ́ jíṣẹ́ fún ìjọba tó pé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iye àwọn tí ó dúró títí di ọdún kejì ìbá gòkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kan tí a kọ́ ní ohunkóhun. Wọ́n lé olùkọ́ méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ariwo sọ, wọ́n pè wọ́n padà, ààrẹ náà sì fi ipò sílẹ̀ kí oṣù kejì ọdún náà tó parí. Àlejò ẹnu ọ̀nà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni èyí.

Ewu kan tún wà tí kò pariwo. Ní 2021, ilé ìròyìn The Markup tẹ ìwádìí kan jáde pé ní àwọn yunifásítì ńlá kan, ẹ̀yà akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀ pé ó wà nínú ewu, àti pé ní ibòmíràn a ń lẹ àmì yìí mọ́ aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po mẹ́rin bí a ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aláwọ̀ funfun. C ṣeé tún ṣe, gbèsè ṣeé san. Awọ ara ń kọ́? Olùdámọ̀ràn tí ó ti rí àmì pupa kí ó tó rí ọmọ ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi lókè òkun, wọ́n fún mi ní kíláàsì kékeré kan láti máa kọ́. Àmì pupa yọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọkùnrin kan, mo sì ti pinnu lọ́kàn ara mi pé ọ̀lẹ ni. Nígbà tí mo pè é, ó ní iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ni òun ń ṣe di agogo mẹ́ta òru, bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì mi ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. A gbé e lọ sí kíláàsì ọ̀sán, ó sì ṣe dáadáa. Àmì náà kò parọ́. Èmi ni mo fi irọ́ kún un. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tí ó fi òtítọ́ yìí hàn kedere, kí kọ̀ǹpútà tó di ohun gbogbogbòò, ni Uri Treisman ti University of California ní Berkeley, ní àwọn ọdún 1970. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ń kùnà nínú ẹ̀ka ìṣirò tí à ń pè ní calculus. Nígbà tí ó béèrè ìdí rẹ̀, àwọn olùkọ́ ní wọn kò ní ìtara tó, ilé tí wọ́n ti wá kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Treisman kò jókòó ti ìdáhùn yìí. Ó mú aláwọ̀ dúdú 20 àti ọmọ Ṣáínà 20, ó ń tẹ̀lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé. Àwọn ọmọ Ṣáínà ń kóra jọ, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n ń tọ́ ara wọn sọ́nà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń dá kàwé nínú yàrá. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ibi báyìí ni wọ́n ti ṣìnà. Ní 1978 ó dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń ṣe ìṣirò tí ó le, àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ sì ṣe dáadáa gidigidi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ìwé máàkì sọ ẹni tí ó kùnà. Ẹsẹ̀ tí Treisman fi rìn ni ó sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ àjèjì pátápátá ni èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn mìíràn láti ọdún kẹrin, bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ta àwọn yòókù yọ. Ọmọdé ni àwọn yẹn, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò yàtọ̀. Àwọn olùwádìí Ifẹ̀ kò bi ọmọ pé kí ló dé tí orí rẹ̀ fi wú. Wọ́n bi ilé-ẹ̀kọ́ pé èdè wo ni ó fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé máàkì wà ní àpótí gbogbo wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ìdánwò bá ti parí, a ó fi iye ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, a ó sì ti àpótí náà pa. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i padà kí sáà tuntun tó wọlé. Bí ìdajì kíláàsì bá kùnà ní ìbéèrè kan náà, kí a kọ́kọ́ wo bí a ti kọ́ wọn. Bí ọmọ kan bá kù sí òde nígbà tí ilẹ̀ ṣú, abiyamọ kì í kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí ó lọ sùn. Àtùpà ni yóò mú, yóò wá a lọ.