Nọ́ńbà Méjì Tó Ń Ṣọ́ Nọ́ńbà Kan

Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ statistics l'Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí. Ìtòsí wa níbí ni wọ́n ti ṣe é, ní Ìdíkàn n'Ílẹ̀ Ìbàdàn, òun àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Oṣù Èrèlé 2001 ló jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Orúkọ Hugh Hendrie ló ṣíwájú, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì ti Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun, tó wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ti kú láti 1995, kò rí àbájáde yìí.

Ìbéèrè wọn kò lọ́jú pọ̀: ṣé bí ṣíṣarán ṣe ń mú àwọn àgbàlagbà Yorùbá náà ló ṣe ń mú àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà? Wọ́n mú àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tí iyè wọn ṣì pé, 2,459 ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún.

Kí n tó dé ìdí ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n lórí ọjọ́ orí. Mélòó nínú àwọn ìyá àti baba Ìdíkàn ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Àwọn oníwàádìí náà lo àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Ajayi àti Igun ti ṣe ní 1963, kí wọ́n lè bi àgbà léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà tí wọ́n bí i, tàbí nígbà tó ṣègbéyàwó. Wọn ò kàn gba àkójọ náà gbọ́ lásán o. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣe é fọkàn tán. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ orí dáadáa, kò sí ìṣirò tó lè gbà á.

Ó wá di orí nọ́ńbà. Lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìbàdàn ni ṣíṣarán ń mú. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ẹlòmíràn ì bá dúró síbẹ̀ kó máa lùlù. Àwọn wọ̀nyí fi ààlà méjì ti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní confidence interval: 1.13 sí 1.56 fún Ìbàdàn, 2.11 sí 4.38 fún Indianapolis. Ìwọ̀nba èèyàn tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n kà. Ká ní àwọn mìíràn ni wọ́n bá pàdé, nọ́ńbà ì bá yí díẹ̀. Jerzy Neyman ló fẹsẹ̀ ọgbọ́n yìí múlẹ̀ ní 1937: bí a bá ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, tí a fa ààlà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òtítọ́ yóò bọ́ sáàárín nǹkan bíi 95 nínú wọn. Ọ̀nà tí a gbà fa ààlà ni 95 yẹn ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ààlà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà lójú ìdánwò.

Ẹ tún wo bí ààlà Indianapolis ṣe fẹ̀ ju ti Ìbàdàn lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó lé, wọ́n sì gbé e síta bẹ́ẹ̀. Ìṣòótọ́ nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá dán àbá wò fúnra wa. Àbá náà ni pé ìlú méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Mú ìdajì fífẹ̀ ààlà kọ̀ọ̀kan, fi 1.96, nọ́ńbà tó bá 95 yẹn lọ, pín in: Ìbàdàn yóò fún ọ ní 0.11, Indianapolis 0.58. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ro wọ́n pọ̀, wá square root rẹ̀: 0.59 ni. Ìyàtọ̀ ìlú méjèèjì jẹ́ 1.89, fi 0.59 pín in, ó di 3.2. Ohun tó bá ti kọjá 1.96 ti tó láti kọ àbá náà sílẹ̀. Èyí kọjá rẹ̀ dáadáa.

Ti àrùn Alzheimer nìkan ló dùn mọ́ mi jù. Ìbàdàn jẹ́ 1.15, ààlà rẹ̀ 0.96 sí 1.35, Indianapolis jẹ́ 2.52, ààlà rẹ̀ 1.40 sí 3.64. Láti 1.35 sí 1.40, àlàfo 0.05 péré! Ojú lè máa sọ fún ọ pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ṣe ìṣirò kan náà, wàá rí 2.4, àbá sì tún ṣubú. Bí ìlú méjèèjì kò bá yàtọ̀ síra ní tòótọ́, kí etí ààlà wọn tó lè kan ara wọn lásán, ìlú kan ní láti ṣèèṣì lọ sókè kí èkejì sì ṣèèṣì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kì í sì í wọ́pọ̀. Nítorí náà, ààlà méjì lè wọnú ara wọn díẹ̀ kí ìyàtọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ló ń sáré kọjá lórí kókó yìí.

Ìdánwò àbá kò sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, bóyá oúnjẹ ni tàbí ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni ìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní LAUTECH àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ fi owó ẹyọ tí wọ́n ń jù sókè sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ kọ nọ́ńbà Ìdíkàn sójú pátákó, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe é.