Ṣúgà Tó So Oró Mọ́lẹ̀ Nínú Gbágùúdá

Bí a bá bẹ gbágùúdá, funfun báláú la ó bá a. Kò jọ ohun tó lè pa èèyàn lára. Síbẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní èròjà kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní linamarin. Nǹkan méjì ló para pọ̀ dì í: glúkóòsì, irú ṣúgà tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àti ìkejì rẹ̀ tó pọn sáyánáìdì sẹ́yìn. Ewé ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbòǹgbò.

Iṣẹ́ ṣúgà yìí yẹ ní wíwò. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì so mọ́ ìkejì rẹ̀, sáyánáìdì ò rọ́nà jáde. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó lè já wọn sọ́tọ̀, linamarase lórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbágùúdá kò jẹ́ kí wọ́n gbé pọ̀. Inú àpò omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni linamarin wà. Ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ni linamarase dúró sí. Ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ sí yàrá, tó fi ẹ̀tù pamọ́ sí àjà, kò ṣe ju báyìí lọ. Àfi bí eyín ẹranko bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì ni méjèèjì tó pàdé.

Ohun tí eyín ń ṣe díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ń ṣe é pátápátá. Gbágùúdá líle wọ ẹnu ẹ̀rọ, ó rọ̀, omi funfun ń ro tótó lára rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni linamarase ti ń já glúkóòsì kúrò. Èyí tó ṣẹ́kù ń fọ́, sáyánáìdì ń bọ́ lára rẹ̀, ó sì ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 Celsius, tí ooru ọ̀sán lásán fi tó gbé e lọ. Wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e tàbí kí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Omi tó ń jáde ń kó lára oró náà lọ. Nínú àpò kan náà, bakitéríà ń jẹ ṣúgà, wọ́n ń jẹ́ kó kan, bí gàrí Ìjẹ̀bú ti ń kan. Ṣùgbọ́n kíkan náà ń dá ìtúká oró tó kù dúró díẹ̀, nítorí náà iná ló ń parí iṣẹ́: bí wọ́n ti ń yan án nínú agbada, ooru ń lé ìyókù jáde. Ìlànà oúnjẹ Codex tí àgbáyé ń lò kò fẹ́ kí sáyánáìdì ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò gàrí kan.

Ọ̀nà mìíràn ni ti onífùfú. Wọ́n á rẹ gbágùúdá sómi fún ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn kòkòrò tí ojú ò rí lè sọ ògiri sẹ́ẹ̀lì di rírọ̀, kí linamarin àti linamarase pàdé láìsí ẹ̀rọ.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbágùúdá ti wá. Kí àwọn Potogí tó gbé e dé Áfíríkà, àwọn onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń rin ín, wọ́n sì ń fún un nínú tipiti, àpò gígùn híhun tó ń fa omi rẹ̀ jáde. Ibi tí ọ̀dá tàbí ebi bá ti mú kí wọ́n gé iṣẹ́ yìí kúrú ni wàhálà ti ń bẹ́. Ní 1981, nígbà ọ̀dá ní Nampula, ní Mòsáńbíìkì, àrùn konzo rọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé.

Ara kì í sọ linamarin odindi di aláìléwu: apá kan ń bá ìtọ̀ jáde, àwọn bakitéríà inú ìfun sì lè já ìyókù. Bí a kò bá jẹ́ kí linamarase já ṣúgà náà nínú àpò gàrí, inú ikùn ni bakitéríà yóò ti já a.