Ẹ Kan Sáárá sí Àwọn Tó Ń Wá Ẹ̀jẹ̀ Dídì

Bí ẹsẹ̀ aláboyún kan bá wú ju èkejì lọ, tó sì ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan rẹ̀. Bí ìdì náà bá já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa á. Lójú tèmi, àwọn tó ń fi skáàn yẹ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò yẹ fún ìyìn ju bí a ṣe ń yìn wọ́n lọ. Wọ́n á rọra tẹ iṣan náà: èyí tó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sí nǹkan níbẹ̀, èyí tí kò bá tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀. Ìró ni ẹ̀rọ náà ń lò, kì í ṣe ìtànṣán X-ray.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní 1958, dókítà Alice Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé àwọn ìyá tí jẹjẹrẹ pa ọmọ wọn ti ya X-ray ikùn nígbà oyún ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn ìyá yòókù. Ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ jiyàn, kí ẹ̀rí tó borí. Ẹnìkan lè wá ní kí a má ya X-ray fún aláboyún rárá. Ìyẹn náà kò tọ̀nà: bí a bá fura pé ìdì ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ewu ikú ìyá ju ewu ìtànṣán kékeré lọ. Ẹ̀yin aláboyún Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ẹ má fi róòbù ra ẹsẹ̀ tó wú lójijì. Ẹ tètè lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́.