Ilé Yìnyín àti Àwo Orin: Òtítọ́ Nínú Fíìmù Nanook

Nígbà tí Robert Flaherty gbé Nanook of the North jáde ní 1922, ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà pé ìgbé ayé àwọn Inuit gan-an ni àwọn ń wò. Etí òkun Hudson Bay ní Kánádà ló ti yà á. Revillon Frères, iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò awọ ẹranko, ló náwó sí i. Lónìí a mọ̀ pé Allakariallak ni ọkùnrin tí wọ́n pè ní Nanook ń jẹ́, pé ìyàwó inú fíìmù kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, àti pé ìbọn ti dé ọwọ́ wọn kí Flaherty tó ní kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ ṣọdẹ.

Àwọn kan torí èyí pe gbogbo iṣẹ́ náà ní irọ́. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹ wo ilé yìnyín rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé kéré jù fún kámẹ́rà, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ni wọ́n bá kọ́ ńlá kan, tí wọ́n dá apá kan rẹ̀ sí gbangba kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ètò ni, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, bí Allakariallak ṣe ń gé yìnyín, tó ń tò ó ròkè títí ó fi pàdé, tó fi èyí tó mọ́ gaara ṣe fèrèsé, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò Flaherty kò gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ ká rí i ni.

Ti ìran giramafóònù, ẹ̀rọ tó ń kọ àwo orin, ló ń dùn mí. Níbẹ̀, Allakariallak ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì gé àwo orin jẹ. Bẹ́ẹ̀ ó mọ giramafóònù dáadáa. Àwọn Inuit tó wà lọ́dọ̀ Flaherty ló ń bá a fọ fíìmù rẹ̀, àwọn náà ló ń bá a tún kámẹ́rà ṣe! Ẹni tó mọ inú kámẹ́rà ni wọ́n sọ di òpè lójú ayé.

Olùdarí fíìmù mìíràn, Werner Herzog, ọmọ Jámánì, kò fi pa mọ́ pé òun a máa ṣe ètò láti wá òtítọ́ tó jinlẹ̀ ju ohun tójú rí lọ. Nínú Little Dieter Needs to Fly (1997), Dieter Dengler, awakọ̀ òfuurufú tó sá kúrò lẹ́wọ̀n ní Laos ní 1966, ń ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i. Herzog ló ní kó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ wà lára ògiri Dengler lóòótọ́. Inú ayé ọkùnrin náà ni ètò yẹn ti hù jáde.

N kò lè gba ti Lessons of Darkness (1992) bẹ́ẹ̀. Herzog fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tó ṣí fíìmù náà, ó wá fi orúkọ Pascal, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Faransé, sí i. Dengler mọ ohun tí òun ń ṣe nídìí ilẹ̀kùn. Pascal kò sí láyé tí yóò fi jiyàn, òǹwòran kò sì ní ohun tí yóò fi mọ̀. Àwọn kànga epo Kuwait tó ń jó nínú fíìmù yẹn ti tó ẹ̀rí fúnra wọn.