Etí Ta Ni A Fi Ń Ra Àwo?

Ẹ wo fọ́tò tí àwa ọ̀dọ́ tó ń kó àwo orin jọ láti Ìkẹjà dé Àgége ń gbé sórí Instagram. Fẹlá lẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn Fẹlá, Fẹlá náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kan BLO àti Monomono. A ò bínú sí i, ṣebí ẹni tiwa ni Fẹlá. Òpópónà Gbẹ́misọ́lá ní Ìkẹjà ló gbé kẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sọ di ilé ìrántí Kalakuta ní 2012. Ṣùgbọ́n níbo ni Hárúnà Ìṣọ̀lá wà nínú fọ́tò yẹn? Yusuf Ọlátúnjí ńkọ́? Bàtílì Àlàkẹ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: etí ẹlòmíràn la fi ń ra àwo.

Ní 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní London gbé àkójọ Nigeria 70 jáde. Ní 2007, Soundway gbé Nigeria Special jáde. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, orin tí à bá ti gbàgbé ni wọ́n jí dìde. Àmọ́ orin tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè jó sí nirú àkójọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá: gìtá, fèrè, ìlù òyìnbó. Àpàlà ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ló ní, ọ̀rọ̀ ẹnu olórin sì ni ẹran inú ọbẹ̀ náà. Ó di 2020 kí Soul Jazz, tí òun náà wà ní London, tó ṣe àkójọ àpàlà ti 1967 sí 1970. Àwa tó gbọ́ èdè náà dúró dè wọ́n.

Ohun tó ń dùn wá ni pé orúkọ èèyàn ló kún inú àwọn àwo wọ̀nyí. Ẹ gbé Orókì Social Club ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1971, yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi orin náà kì. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àpàlà, sákárà àti wákà rí: ọmọ ta ni, ará ibo ni, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ta ló fẹ́. Àwọn tí ìwé ìròyìn ò dárúkọ rí wà níbẹ̀. Ojú àwo kan sì lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dúró fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́ fún fóònù, oríkì ẹlòmíràn ni wọ́n gé dànù yẹn.

Nígbà tí fíìmù Ayinla ti Túndé Kèlání jáde ní 2021, gbogbo wa di ọmọ Àyìnlá Ọmọwúrà lójijì. Ọ̀kan nínú wa rántí pé àwo Àyìnlá tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ wà lókè àjà ilé wọn ní Àgége. A sáré gùn ún. Lábẹ́ páànù gbígbóná, wọ́n to àwọn àwo náà lérí ara wọn, gbogbo wọn ti wọ́ bí ewé tí iná rà. Nínú yàrá ẹni yìí kan náà, àwo Fẹlá tuntun tó fowó gidi rà wà nínú ọ̀rá mímọ́. A wojú ara wa, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnì kejì wí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó tilé yín sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra tòde. Ooru ni ọ̀tá àwo: ẹ má fi sábẹ́ òrùlé tàbí sínú mọ́tò. Ẹ tò wọ́n ní ìnàró bí ìwé. Etí àwo ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Bó bá dọ̀tí, omi àti ọṣẹ díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ ti tó. Ẹ tẹ̀lé ilà rẹ̀ yípo, kí omi má sì kan bébà àárín. Àwọn àwo àtijọ́ tó máa ń fọ́ bí wọ́n bá jábọ́ kò fẹ́ spírítì rárá, yóò bó wọn lára. Abẹ́rẹ́ tó ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ó ń họ orin dànù ni.

Èyí tó kù kò sí lọ́wọ́ ọṣẹ. Ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà jókòó, ẹ gbé àwo náà sí i, kẹ́ ẹ mú bírò dání. Bí olórin bá ti dárúkọ ẹnì kan, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè pàdé orúkọ ìdílé yín níbẹ̀.